Ṣé Pro Bowl tó ohun tí èèyàn ń náwó lé?

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Houston là ń gbé. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mọ́kànlá, bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà yìí ti di oúnjẹ rẹ̀. Ó ní kí n ra tíkẹ́ẹ̀tì Pro Bowl fóun, ìyẹn eré ọdọọdún tí wọ́n ń kó àwọn ìràwọ̀ líìgì ńlá wọn jọ fún. Mo wo ti ọdún 2024 ní Orlando lórí tẹlifíṣọ̀n: wọn kì í gbé ara wọn ṣánlẹ̀ mọ́! Láti 2023 ni wọ́n ti sọ ọ́ di eré àsíá. Àsíá tẹ́ẹ́rẹ́ á máa fì ní ìbàdí wọn; bí wọ́n bá ti já a gbà lára ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù, ó parí nìyẹn. (Lóòótọ́, ta ló fẹ́ kán lẹ́sẹ̀ nínú eré ìfẹ́?) Àwọn tí ẹgbẹ́ wọn bá dé Super Bowl, ìyẹn àṣekágbá líìgì náà, kì í tiẹ̀ bá wọn gbá a, bẹ́ẹ̀ àwọn gan-an lọmọ yìí fẹ́ rí. Bàbá rẹ̀ ní owó ìnádànù ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lọ rí, ṣé ó dùn lójú ju ti tẹlifíṣọ̀n lọ? Àbí kí n tọ́jú owó náà, kí n fi ra tíkẹ́ẹ̀tì eré gidi fún un lóṣù kẹsàn-án?