Ewé irà wo ni kí n gbìn sẹ́yìn ilé tí omi ọ̀sà ń wọ̀?

Ìyá Ìbejì Ìkòròdú
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ìmọ̀ràn ni mo ń wá. Ẹ̀yìn ilé wa ní Ìkòròdú kò jìnnà sí ọ̀sà. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, omi tó ń rú wọlé máa ń níyọ̀ díẹ̀. Tójò bá dé, omi lásán ni. Mo gbin ewédú, ó kú. Mo gbin koríko, ó pọ́n, ó gbẹ. Arákùnrin kan tó ń ta òdòdó lẹ́bàá ọ̀nà wá ní òun ní fẹ́ẹ̀nì (fern) kan tó ń gbé inú irà oníyọ̀, pé ó lè ga ju èèyàn lọ. Ó fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́: ewé gbọọrọ, ó ki, ó ń dán, ọ̀kan nínú wọn pupa lókè bí ìgbà tí wọ́n fi osùn kùn ún. Ṣé kí n rà á? Àbí wàhálà ni mo fẹ́ fowó rà?

Akẹ́kọ̀ọ́ Ewéko
Ẹ kú iṣẹ́, mà. Bẹ́ ẹ ṣe júwe rẹ̀ yìí, *Acrostichum aureum* ló jọ. Linnaeus ló fún un lórúkọ yẹn ní 1753. *Aureum* túmọ̀ sí "oníwúrà" ní èdè Látìnì. Kì í ṣe àlejò lọ́dọ̀ wa rárá. Tẹ́ ẹ bá dé etí ọ̀sà ní Yunifásítì Èkó, ní Akoka, ẹ máa rí i níbi tó dúró sí láàárín àwọn igi ẹ̀gbà (mangrove).

Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ yí imọ̀ rẹ̀ padà, kẹ́ ẹ wo abẹ́ rẹ̀. Mo pè é ní imọ̀ torí pé bíi ti ọ̀pẹ ló rí: ọ̀pá kan láàárín, ọmọ ewé lọ́tùn-ún lósì. Àwọn ọmọ ewé ìsàlẹ̀, abẹ́ wọn á mọ́ roro. Àwọn mélòó kan tó wà lókè téńté nìkan ni abẹ́ wọn máa pọ́n. Ẹ fìka pa á: á rí bí aṣọ àrán, á sì kù sí yín lọ́wọ́ bí ìyẹ̀rosùn. Ìyẹ̀ yẹn ló fi ń bímọ, torí pé fẹ́ẹ̀nì kì í yọ òdòdó, kì í sì í so èso. Àwọn fẹ́ẹ̀nì tó máa ń hù sára ọ̀pẹ, ìyẹ̀ tiwọn máa ń tò ní roboto roboto lábẹ́ ewé. Ti èyí kò ní roboto kankan. Ó bo abẹ́ ewé náà pátá, kò ṣẹ́ ibì kankan kù.

Ní ti iyọ̀: fẹ́ẹ̀nì tó ti dàgbà máa ń fara dà á, àmọ́ ìyẹ̀ rẹ̀ máa ń hù dáadáa jù níbi tí iyọ̀ kò ti pọ̀. Ohun tó sì máa kọ́kọ́ hù kì í jọ ìyá rẹ̀. Pẹlẹbẹ kékeré kan ni, ó fẹ́lẹ́, ó lè má tó èékánná ọmọdé. Orí pẹlẹbẹ yìí ni nǹkan ọmọkùnrin ti máa lúwẹ̀ẹ́ lọ bá ẹyin (ẹ má bínú, kò sí bí mo ṣe lè sọ ọ́ tó ju bẹ́ẹ̀ lọ). Tí kò bá sí omi tó máa lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀, kò sí oyún. Ẹ̀yìn ìyẹn ni fẹ́ẹ̀nì gangan máa tó yọrí.

Apẹja Ẹ̀pẹ́
Ẹ má gbìn ín sétí omi o! Níbi tí wọ́n bá ti gé ẹ̀gbà fi dáná, òun ló máa ń sáré gba ilẹ̀. Á dì gàgà. Ọmọ ẹ̀gbà tó bá bọ́ síbẹ̀ kò ní róòrùn, bẹ́ẹ̀ ìdí gbòǹgbò ẹ̀gbà lọmọ ẹja ń sá sí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti fàdá ṣán an níbi tí mo máa ń so ọkọ̀ mọ́. Ìdí rẹ̀ le bí igi, ó sì tún ń rú.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ewéko
Òótọ́ lẹ sọ, ẹ̀gbọ́n. Àmọ́ ẹni tó gé ẹ̀gbà ló ṣílẹ̀kùn fún un. Lábẹ́ ẹ̀gbà tó ṣì dúró, ìwọ̀nba ló máa ń wà. Oòrùn gbangba ló ń mú kó ya wèrè. Màmá, tẹ́ ẹ bá rà á, inú ìkòkò ni kẹ́ ẹ gbìn ín sí, kẹ́ ẹ sì gé orí imọ̀ tó bá ti fẹ́ máa pọ́n kí ìyẹ̀ rẹ̀ tó gbó.

Táyọ̀ Florida
Ẹ kú ilé o. Ó wà lọ́dọ̀ wa níbí náà, òun àti ìbátan rẹ̀, *Acrostichum danaeifolium*, tó wà ní Cuba àti Brazil pẹ̀lú. Ti ìbátan yẹn, imọ̀ tó bá ti níyẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ọmọ ewé rẹ̀ ló máa pọ́n, látìsàlẹ̀ dókè. Tẹ́ ẹ bá rí irú ẹ̀ lọ́wọ́ arákùnrin yẹn, ẹ bi í pé níbo ló ti kó o wá.

Tíṣà Abẹ́òkúta
Ẹni tí omi tiẹ̀ kò bá níyọ̀, kó wá *Ceratopteris cornuta*. Ìbátan tímọ́tímọ́ ni òun àti fẹ́ẹ̀nì tí Màmá ń béèrè, àmọ́ èyí kéré, ó rọ̀, ó sì máa ń hu ọmọ lórí ewé ara rẹ̀. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fẹ́ràn ọmọ ìyá rẹ̀, *Ceratopteris richardii*, torí pé láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, pẹlẹbẹ tó hù látinú ìyẹ̀ rẹ̀ á ti gbó. Ohun tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé èyí tó bá kọ́kọ́ hù á ní takọ tabo lára, á wá máa tu nǹkan kan sómi tó ń sọ àwọn tó bá pẹ́ hù di akọ. Bí ọmọ tó tètè jí, tó wá pín iṣẹ́ ilé fáwọn tó ṣì ń sùn.

Ọmọ Badagry
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ra ewé orí omi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ra *Salvinia molesta*. Fẹ́ẹ̀nì lòun náà, Brazil ló ti wá, ó sì máa ń bo odò mọ́lẹ̀. 1984 ni water hyacinth, ewé orí omi mìíràn, gba ọ̀dọ̀ wa wọlé láti Porto-Novo. A ò tíì bọ́ nínú ìyẹn.

Ìyá Ìbejì Ìkòròdú
Mo ti lọ o. Mo yí imọ̀ náà padà, arákùnrin yẹn ń wò mí bí ẹni tórí ẹ̀ dàrú. Ìsàlẹ̀ mọ́ roro, ọmọ ewé mẹ́rin lọ́tùn-ún, mẹ́rin lósì ló pọ́n lókè. Ìyẹ̀ ẹ̀ kò tíì kúrò ní èékánná mi. Méjì ni mo rà, wọ́n wà nínú ike ńlá lẹ́bàá tánkì. Ilẹ̀ ẹ̀yìn ilé ló kù. Bọ̀dá Apẹja, níbo ni mo ti lè ra ọmọ ẹ̀gbà?

Apẹja Ẹ̀pẹ́
Kí lẹ fẹ́ rà á ṣe? Orí igi ló ti máa ń hù kó tó já bọ́, gbọọrọ bí ọ̀pá. Ẹ ṣà á létí omi. Ìdí tó kọjú sílẹ̀ nígbà tó wà lórí igi ni kẹ́ ẹ tì bọ ẹrẹ̀. Ẹ má dorí ẹ̀ kodò o. Kẹ́ ẹ sì wọ bàtà òjò, ìkarahun pọ̀ nínú ẹrẹ̀ yẹn.