Tíṣà ń fagi lé àkànlò èdè Gẹ̀ẹ́sì ọmọ mi, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Ìbejì: Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi dá sí i o. Ọmọ mi há àkànlò èdè Gẹ̀ẹ́sì sórí, kò sí èyí tẹ́ ẹ bi í tí kò ní sọ ìtumọ̀ ẹ̀. Owó kékeré kọ́ ni mo fi ra ìwé yẹn! Tíṣà wá fi bírò pupa fagi lé gbogbo ẹ̀. Torí a ò tíì san owó lẹ́sìnnì ni.

Tíṣà Àgbà: Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Gbólóhùn wo gan-an ló kọ? Kíláàsì wo ló wà?

Bàbá Dámi: Ẹ lọ bá ọ̀gá ilé ìwé wọn ní tààrà.

Ìyá Ìbejì: SS2. Ó kọ "Cut your coat according to your size" àti "Half bread is better than none". Ṣebí bí gbogbo wa ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn?

Tíṣà Àgbà: Ní Nàìjíríà ni. "Cloth" ló yẹ kó wà níbi "size", "half a loaf" níbi "half bread".

Akọ̀wé: Òwe nìyẹn, tíṣà, kì í ṣe àkànlò èdè.

Tíṣà Àgbà: Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n a kì í pààrọ̀ ọ̀rọ̀ inú méjèèjì bó ṣe wù wá. Ọ̀rọ̀ ìṣe ló ń bá àsìkò yí, àti ọ̀rọ̀ tó ń tọ́ka ẹni: "He is pulling my leg" (ó ń bá mi ṣàwàdà), "They pulled her leg". "Kick the bucket" ni kí èèyàn kú, àmọ́ tó bá kọ "The bucket was kicked", garawa gidi lẹni tó kà á máa rò.

Akọ̀wé: Gbólóhùn náà tún gbọ́dọ̀ gbé ìtumọ̀ jáde. "Tunde let the cat out of the bag" nìkan ò tó. Ológbò lè wà nínú àpò lóòótọ́. "We hid Sola's birthday cake, but Tunde let the cat out of the bag": àṣírí tú nìyẹn. Kó kọ mẹ́ta fún ọ̀kọ̀ọ̀kan: ti ìsinsìnyí, ti àná, èyí tó ní "not".

Ìyá Ìbejì: Kí ló wá burú nínú "I heard that your father kicked the bucket"? Lẹ́tà ìbánikẹ́dùn ni wọ́n ní kí wọ́n kọ sí ọ̀gá ilé ìwé.

Akọ̀wé: Yéè! Mà, ìyẹn lẹ ò bá ti kọ́kọ́ sọ. Ọ̀rọ̀ yẹ̀yẹ́ nìyẹn, a kì í fi bá ọlọ́fọ̀ sọ̀rọ̀. "Passed away" ni kó kọ. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtumọ̀, kó máa kọ ibi tí wọ́n ti ń lò ó: láàárín ọ̀rẹ́ ni, àbí nínú lẹ́tà.

Bàbá Dámi: Ẹ má lọ bá ọ̀gá mọ́ o.

Ìyá Ìbejì: Ó yé mi. Àmọ́ tíṣà náà ì bá kọ ìdí ẹ̀ sétí ìwé.

Tíṣà Àgbà: Ẹ mú ìwé ọmọ dání lọ́jọ́ ìpàdé òbí, kẹ́ ẹ bi í.