Ọmọ méjì, ìjọba méjì: ìrírí wa lórí owó ìrànwọ́ ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù

Ìyá Àdùkẹ́, Hamburg:

Houston ni mo bí àkọ́bí mi sí, Hamburg ni mo bí àbúrò rẹ̀ sí, nítorí náà ojú mi ló ṣe.

Ní Amẹ́ríkà, òfin ọdún 1993 fún mi láyè láti fi ọ̀sẹ̀ 12 tọ́jú ọmọ láì jẹ́ pé iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n kò sí kọ́bọ̀ nínú rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kẹfà ni mo padà sẹ́nu iṣẹ́, nítorí pé onílé kò mọ̀ pé ìkókó wà nílé, owó ilé ló mọ̀. WIC, ètò oúnjẹ fún aboyún, ìyálọ́mọ àti ọmọdé tí owó tó ń wọlé fún wọn kò tó, ló gbà mí. Mo kó ìwé owó oṣù lọ kí wọ́n tó fún mi ní káàdì. Ní ṣọ́ọ̀bù, wàrà tí mo gbé kì í ṣe irú èyí tí ètò náà fọwọ́ sí. Ọmọbìnrin tó ń gba owó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní kí n lọ pààrọ̀ rẹ̀, àwọn tó tò sẹ́yìn mi sì ń pòṣé. Ojú tì mí débi pé n kò padà sí ṣọ́ọ̀bù yẹn mọ́.

Ní Jámánì, mo sinmi fún ọ̀sẹ̀ 6 ṣáájú ọjọ́ ìbí àti ọ̀sẹ̀ 8 lẹ́yìn rẹ̀, owó oṣù mi kò sì dín. Agbẹ̀bí ń wá bá mi nílé láti wo ìdodo ọmọ, adójútòfò ìlera ló san owó rẹ̀. Owó ọmọ tí ìjọba ń san fún òbí, yúrò 250 lóṣù nígbà náà, ń wọ àkáǹtì mi bó ṣe ń wọ ti ọ̀gá mi, ẹnikẹ́ni kò sì ní kí n kọ́kọ́ fi òṣì mi hàn. Òótọ́ ni pé ìwé owó oṣù ibẹ̀ kò dùn ún kà: owó orí, owó ìfẹ̀yìntì, owó ìlera, owó àìríṣẹ́ṣe. Texas, ìpínlẹ̀ tí Houston wà, kì í gba owó orí ti ìpínlẹ̀ lórí owó oṣù rárá, ọkọ mi sì ń rán mi létí rẹ̀ lóṣooṣù.

Ọmọ Ọ̀yọ́, London:

Ẹ kú ewu ọmọ, mà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi Jámánì díwọ̀n gbogbo Yúróòpù. Kí wọ́n tó fún mi ní físà ọdún mẹ́ta, mo san pọ́n-ùn 3,105 fún ìlera nìkan, síbẹ̀ físà náà ní n kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan owó ìrànwọ́ ìjọba. Nígbà tí mo bímọ, ilé ìwòsàn kò béèrè kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n owó ọmọ tí aládùúgbò mi ń gbà, n kò lè béèrè rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ibi iṣẹ́ kan náà ni àwa méjèèjì ti ń san owó orí.