Oṣù wo gan-an ni ká gbin ẹ̀fọ́, nígbà tí ojú ọjọ́ ò rí bákan náà níbi gbogbo?

Ebè_Tuntun (ìbéèrè)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pẹ́ nídìí ọgbà. Àwọn ìtọ́ni tí mò ń kà ò bára mu rárá. Ọ̀kan ní oṣù kẹta ni ká gbin tòmátì, òmíràn ní oṣù kẹsàn-án ni. Ẹ̀yìn páálí irúgbìn kọ "ọjọ́ 70", kò sì sọ ibi tí kíkà ọjọ́ náà ti bẹ̀rẹ̀. Báwo lèèyàn ṣe ń mọ àsìkò tó bá ibi tó ń gbé mu? Ẹ̀fọ́ wo ni kò ní dójú ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀? Ilẹ̀ tó wà ò ju mítà 2 níbùú, mítà 2 lóròó.

Pọ́ro_àti_Ebè

Ẹ kọ́kọ́ gbàgbé orúkọ oṣù ná. Oṣù kẹta àti oṣù kẹsàn-án lè tọ̀nà méjèèjì, torí pé nígbà tí ooru bá ń wọlé bọ̀ ní apá àríwá ayé, òtútù ló ń wọlé bọ̀ ní apá gúúsù. Irúgbìn ò mọ kàlẹ́ńdà. Bí ilẹ̀ ṣe gbóná tó, bí òru ṣe tutù tó, àti bí omi ṣe pọ̀ tó ló ń wò.

Ilẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wọ̀n. Ẹ ki tẹmọ́mítà bọ inú rẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 5 láàárọ̀ kí oòrùn tó mú, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin léraléra. Píìsì (ẹ̀wà róbótó aláwọ̀ ewé nì) lè hù nínú ilẹ̀ tí ò ju 7°C lọ, bó tiẹ̀ máa falẹ̀. Ẹ̀wà ń fẹ́ nǹkan bíi 16°C. Tẹ́ ẹ bá kánjú gbìn ín, ṣe ló máa mu omi yó, á wú, á sì jẹrà síbẹ̀. Ilá àti kùkúńbà ń fẹ́ 20°C sókè. Lẹ́tùúsì ni tiẹ̀ yàtọ̀. Tí ilẹ̀ bá ti kọjá nǹkan bíi 27°C, hóró rẹ̀ á kàn sùn sílẹ̀ ni, ẹ ó sì máa bú ẹni tó tà á fún yín. Irúgbìn yẹn ò bàjẹ́. Ẹ fún un nírọ̀lẹ́, ẹ ta àwọ̀n ìbòji sókè rẹ̀, ẹ má sì rì í ju ìdajì sẹ̀ǹtímítà lọ torí pé ó ń fẹ́ ìmọ́lẹ̀ kó tó hù.

Ní ti "ọjọ́ 70" yẹn: fún tòmátì, ata àti kábééjì, ọjọ́ tẹ́ ẹ lọ́ ọmọ rẹ̀ sójú ebè ni kíkà ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 tó ti lò nínú abọ́ ò sí nínú ìṣírò. Fún ẹ̀wà, kárọ́ọ̀tì àti ohunkóhun tá a bá gbìn tààrà sílẹ̀, ọjọ́ tí hóró wọlẹ̀ ni.

Níbi tí ìrì dídì ti ń bọ́, ẹ wádìí ìgbà tí ti ìkẹyìn sábà máa ń bọ́, kẹ́ ẹ ka ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 sẹ́yìn. Ìgbà yẹn lẹ máa fún tòmátì sínú abọ́ nínú ilé. Fún ẹ̀fọ́ ìparí ọdún, ọjọ́ ìrì dídì àkọ́kọ́ lẹ máa kà sẹ́yìn látibẹ̀. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ 2 kún iye tó wà lára páálí, torí pé ọ̀sán ti ń kúrú, gbogbo nǹkan á sì máa falẹ̀.

Ojú_Òjò

Òótọ́ lẹ sọ, ṣùgbọ́n ibi olótùútù lọ̀rọ̀ yẹn gbè lé jù. Nítòsí ìlà agbedeméjì ayé, ìrì dídì ò sí ní pẹ̀tẹ́lẹ̀, òjò ló ń darí ohun gbogbo. Tòmátì tó bá ń so nígbà tí òjò ń rọ̀ lójoojúmọ́, ewé rẹ̀ ò ní gbẹ, àrùn á sì wọ̀ ọ́. Ẹ ṣírò rẹ̀ kí èso máa pọ́n nígbà tí òjò bá ń dáwọ́ dúró. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ má tì í wọ inú ooru gbígbóná o: tí ọ̀sán bá ń kọjá 32°C léraléra, tí òru náà ò sì wá sílẹ̀ ju 24°C lọ, lẹ́búlẹ́bú inú òdòdó kì í ṣiṣẹ́ mọ́, òdòdó á máa rẹ̀ dànù. Ọ̀pọ̀ á wá da ajílẹ̀ lé e. Ewé nìyẹn máa mú jáde, kì í ṣe èso.

Ibi gíga tún yàtọ̀. Bẹ́ ẹ bá fi mítà 1,000 gòkè, ooru á dín tó nǹkan bíi 6.5°C. Ìdí nìyẹn tí lẹ́tùúsì àti kábééjì fi ń ṣe dáadáa lórí òkè níbi tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń gbóná fòò.

Àlùbọ́sà ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún jù. Gígùn ọ̀sán lòun ń wò. Ẹ̀yà kan ń ta tí ọ̀sán bá tó wákàtí 10 sí 12, òmíràn ò ní ta àfi kó tó 14 sí 16. Níbi tí ọ̀sán kì í ti í fi bẹ́ẹ̀ kúrò ní wákàtí 12 yípo ọdún, ẹ̀yà ọ̀sán gígùn á kàn máa ru ewé ni, nǹkan kan ò ní sí nísàlẹ̀ rẹ̀.

Ebè_Tuntun

Ẹ ṣé gan-an. Ọmọ tòmátì inú abọ́ ti hù, ṣùgbọ́n ó ń ṣubú lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìdí rẹ̀ ti tín-ín-rín bí òwú, ewé rẹ̀ sì ṣì tutù yọ̀yọ̀. Ṣé omi ò tó ni?

Pọ́ro_àti_Ebè

Omi ti pọ̀ jù ni. Èéhù inú ilẹ̀ ló ń jẹ ọrùn rẹ̀ níbi tó ti yọ láti inú ilẹ̀, ibi tó máa ń tutù tí atẹ́gùn kì í sì í dé. Èyí tó ti ṣubú ò ní dìde mọ́, ẹ yọ ọ́ kúrò pẹ̀lú iyẹ̀pẹ̀ ìdí rẹ̀. Ẹ já àwọn tó fún pọ̀ kí ààyè wà láàárín wọn. Ẹ jẹ́ kí orí ilẹ̀ gbẹ kẹ́ ẹ tó tún fún un lómi. Ìsàlẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti fún un: ẹ gbé abọ́ náà sínú omi fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kẹ́ ẹ gbé e jáde kó ro. Iyẹ̀pẹ̀ ọgbà tí wọ́n bù wá tààrà ló sábà máa ń gbé èéhù yìí wá, ẹ yí i padà nígbà míì.

Èyí tó bá là á já, ẹ má gbé e lọ sínú oòrùn lẹ́ẹ̀kan náà. Wákàtí kan lábẹ́ ìbòji ní ọjọ́ àkọ́kọ́, kẹ́ ẹ máa fi kún un díẹ̀díẹ̀ fún ọjọ́ 7 sí 10. Bí ewé bá funfun bíi bébà, oòrùn ti jó o. Kó má sùn níta títí òru á fi máa wà lókè 10°C.

Ìka_Nínú_Ilẹ̀

Mítà 2 sí 2 kì í ṣe kékeré. Ẹ ṣe ebè 2, ìkọ̀ọ̀kan kí ó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 80, kí pọ́ro sẹ̀ǹtímítà 40 wà láàárín, kẹ́ ẹ má baà máa tẹ ibi tẹ́ ẹ gbin nǹkan sí. Ẹ̀wà àti lẹ́tùúsì ni mo máa kọ́kọ́ fọwọ́ sí: ẹ̀wà ní sẹ̀ǹtímítà 10 síra wọn, lẹ́tùúsì ní 25. Tòmátì 3 péré lẹ́bàá ẹ̀gbẹ́ kan, 60 síra wọn. Ẹ kọ́kọ́ dán ilẹ̀ wò: ẹ gbẹ́ ihò sẹ̀ǹtímítà 30, ẹ rọ omi kún un, kó fà tán, ẹ tún rọ ọ́. Tí èkejì yìí ò bá lọ sílẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 2.5 láàárín wákàtí kan, ẹ gbé ebè yín ga tó 20 sí 30.

Omi tó mílímítà 25 lọ́sẹ̀, ìyẹn lítà 25 fún mítà kan níbùú lóròó. Ebè méjèèjì á gbà tó lítà 80 lọ́sẹ̀ tí òjò ò bá rọ̀, ẹ pín in sí ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta. Èyí ṣe pàtàkì fún tòmátì, torí pé tí ilẹ̀ bá gbẹ kankan lónìí, tí omi kún un lọ́la, ìdí èso á dúdú, á sì rì wọnú. Káṣíọ́ọ̀mù (calcium), èròjà kan tí igi ń fà látinú ilẹ̀, ni kò dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń wà nílẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, omi tó yẹ kó gbé e gòkè ni kò ṣe déédéé. Èèpo ẹyin táwọn èèyàn ń dà sídìí rẹ̀ ò lè ràn án lọ́wọ́ lọ́sẹ̀ yẹn. Ẹ fi koríko gbígbẹ bo ilẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 5 sí 8 lẹ́yìn tí ilẹ̀ bá ti móoru, kó má kan ìdí igi. Ẹ já èyí tó ti dúdú dànù. Igi náà ò ṣàìsàn, àwọn tó máa so tẹ̀lé e á dára tí omi bá ń lọ déédéé.