Ọmọ wa ń lo oògùn olóró, a sì ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì: ẹ jẹ́ ká sọ ìrírí wa

Ìyá Ìbejì

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi. Ó tó ẹ̀ẹ̀mẹrin tí mo ti kọ ọ̀rọ̀ yìí tí mo tún pa á rẹ́. Lónìí mi ò ní pa á rẹ́ mọ́. Ẹni tó bá ti rí irú ẹ̀ nílé tiẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì lẹ ń lọ o, mọ́ṣáláṣí lẹ ń lọ o, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi kọ tiyín sísàlẹ̀, torí bí mi ò ṣe rẹ́ni bá sọ ọ́ ló fẹ́ẹ̀ pa mí.

Ìbàdàn là ń gbé. Díákónì lọkọ mi, èmi wà nínú ẹgbẹ́ àwọn ìyá, Kẹ́hìndé mi ló ń tẹ kíbọ́ọ̀dù ní ṣọ́ọ̀ṣì wa látìgbà tó ti wà ní SS2. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni. Nǹkan tó kọ́kọ́ tú àṣírí, èèrà ni. Lọ́dún 2017, mo ń gbálẹ̀ yàrá wọn, mo rí èèrà tó tò láti ẹnu ọ̀nà lọ wọ inú báàgì kíbọ́ọ̀dù yẹn, mo ní ó tún ti jẹ bisikíìtì síbẹ̀. Mo ṣí i. Ìgò oògùn ikọ́ mẹ́fà, gbogbo ẹ̀ ti ṣófo, wọ́n lẹ̀ mọ́ra wọn, èèrà bò wọ́n. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo kó o, mo fi ọ̀rá dúdú wé e, mo rìn dé àdúgbò kejì lọ dà á nù kí ẹnì kankan má baà rí i, mo fi kànìnkànìn fọ báàgì náà, mi ò sì sọ nǹkan kan. Mo sọ fún ara mi pé ikọ́ ló ń ṣe é. Kò wúkọ́ o.

Kodín ló wà nínú ẹ̀, oògùn tó ń pa ikọ́ àmọ́ tó máa ń di bárakú síni lára. Nígbà tí ìjọba wá fòfin de oògùn ikọ́ oníkodín ní May 2018, pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ṣe é tàbí kó o wọ̀lú mọ́, rédíò ni mo ti gbọ́, mo ń ṣe "Olúwa o ṣé", mo rò pé ó ti parí nìyẹn. Ó kàn di ọ̀wọ́n ni, Kẹ́hìndé bá bọ́ sórí trámádọ̀, oògùn ara ríro tó le gan-an. Mi ò mọ̀. Owó tí mo ń wá nínú pọ́ọ̀sì mi, mo ń rò pé mo ti ń gbàgbé nǹkan, àbúrò ọkọ mi tó ń gbé lọ́dọ̀ wa la tiẹ̀ kọ́kọ́ fura sí, Ọlọ́run dárí jì mí.

Àfi lálẹ́ ọjọ́ ìṣọ́ òru kan. Orin ìyìn ń lọ lọ́wọ́, kíbọ́ọ̀dù ṣàdédé pariwo gbọ̀ọ̀, ìgbà tí mo máa gbójú sókè ọmọ mi ti dojú dé e, ló bá ṣubú, ọwọ́ ẹ̀ ẹsẹ̀ ẹ̀ ń gbọ̀n, itọ́ funfun ń hó lẹ́nu ẹ̀. Gbogbo ìjọ bá bẹ̀rẹ̀ àdúrà, wọ́n ní ọfà ọ̀tá ni. Èmi tí mo ti rí ìgò mẹ́fà, mo dákẹ́, mo ń ṣe àmín.

A gbé e lọ sórí òkè àdúrà. Wọ́n ní kó gba ààwẹ̀ gbígbẹ ọjọ́ mẹ́ta, kò gbọdọ̀ fẹnu kan omi. Nígbà tó di ọjọ́ kejì imú ẹ̀ ń dà, ó ń yán, ara ẹ̀ rí bíi ti adìyẹ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tu, ó ń bì, ó ń ṣu gbuuru, ó ń pariwo pé egungun òun ń fọ́. Wọ́n ní ẹ̀mí yẹn ló ń jáde. Ìyá àgbà kan tó máa ń gbálẹ̀ ibẹ̀ ló fà mí lọ sẹ́yìn ògiri, wọ́n ní "Ìyá Ìbejì, ẹni tó ń ṣu tó ń bì, tẹ́ ò fún lómi, ṣé ẹ fẹ́ sin ín ni? Ẹ gbé ọmọ yìí lọ sọ́dọ̀ dókítà. Èmi ò ní sọ àdúrà kalẹ̀, ẹ̀yin ẹ máa gbé e lọ." Ọlọ́run á bá mi kẹ́ màmá yẹn níbikíbi tí wọ́n bá wà.

Dókítà bi í pé mélòó ló ń lò lóòjọ́. Ó wo ojú mi, ó wolẹ̀, ó ní "ààbọ̀ káàdì, nígbà mìíì káàdì kan". Hóró mẹ́wàá ló wà nínú káàdì. Dókítà ní irú èwo, ó ní 225. Wọ́n ṣàlàyé fún mi pé mílígíráàmù 50 àti 100 nìjọba fọwọ́ sí, 225 yẹn ò yẹ kó wà ní kẹ́mísì kankan, àti pé trámádọ̀ tó bá pọ̀ lára máa ń fa irú gìrì tó gbé e ṣubú ní ṣọ́ọ̀ṣì. Kì í ṣọfà.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló lò ní ọsibítù. Ó délé, kò sẹ́ni tó mọ ibi tó ti ń bọ̀, wọ́n gbé kíbọ́ọ̀dù fún un ní Sunday àkọ́kọ́ bí ẹni pé ìrìn àjò ló lọ, oṣù méjì lẹ́yìn ẹ̀ ó tún ti padà sídìí ẹ̀. Ní báyìí ó ti wà ní ọsibítù lẹ́ẹ̀kejì. Ọkọ mi ń sanwó, kò jiyàn lórí ìyẹn, àmọ́ ó ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbọ́. Ẹni tó bá bi wá, Kẹ́hìndé wà ní Àbújá. Gbogbo Sunday ni mo ń jókòó sí ìlà kejì níwájú tí mo ń sọ pé ó wà ní Àbújá.

Ọmọ Alfa

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìrọ́jú mà. Mo ka tiyín, mo sunkún. Tiwa kì í ṣọmọ, bàbá wa ni. Alfa ni wọ́n, wọ́n sì ń wa mọ́tò akẹ́rù, Ìwó nilé wa. Paraga ni wọ́n máa ń mu ní gáréèjì. Wọ́n ní oògùn ọpá ẹ̀yìn ni, pé egbò igi ni, kì í ṣọtí. Ògógóró ni wọ́n fi rẹ egbò ọ̀hún, gbogbo gáréèjì ló mọ̀.

Ohun tí mo fẹ́ sọ ni ti ààwẹ̀ Ràmàdáánì. Bàbá mi fẹ́ràn Ọlọ́run gan-an, torí náà bí oṣù bá ti lé wọ́n á fi paraga sílẹ̀ pátápátá, wọn ò ní fẹnu kàn án rárá. Lọ́dọọdún, bó bá ti ń tó ọjọ́ kejì sí ọjọ́ kẹta, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n, òógùn á bò wọ́n, wọ́n á máa fi ọwọ́ gbá eku tí ẹnì kankan nínú wa ò rí kúrò lórí ẹní. Àwa á ní àlùjànnú ni. Àwọn alfa ẹgbẹ́ wọn á wá, wọ́n á máa ké Kùránì sí wọn létí, wọ́n á pọ́n omi hàntú fún wọn. Tó bá wá dalẹ́, wọ́n á lọ kírun àṣámù, wọ́n á pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó dé, tí wọ́n bá dé ara wọn ti balẹ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, àwa á ní alhamdulilahi, ó ti ṣiṣẹ́. Ẹ ò rí i pé gáréèjì ni wọ́n ti ń bọ̀.

Wọ́n kú ní 2021, ẹ̀dọ̀ wọn ti bàjẹ́. Lọ́jọ́ ìsìnkú gbogbo èèyàn ń sọ pé wọn kì í pa ìrun jẹ. Òótọ́ sì ni, wọn kì í pa á jẹ.

Ẹ̀gbọ́n Nọ́ọ̀sì

Ẹ jẹ́ n bọ́ sórí ti Ọmọ Alfa kíákíá, torí ẹ̀mí wà níbẹ̀. Ẹni tó ti ń mutí lójoojúmọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, tó bá dá a dúró lójijì, ara ẹ̀ lè máa gbọ̀n, ó lè máa rí ohun tí kò sí níbẹ̀, gìrì lè gbé e, ó sì lè kú. Kì í ṣàlùjànnú. Oògùn wà tí dókítà máa ń fún un láwọn ọjọ́ yẹn kí ara ẹ̀ lè fara balẹ̀ kúrò níbẹ̀. Mo máa ń bẹ àwọn pásítọ̀ àtàwọn alfa wa, kẹ́ ẹ tó sọ pé kí ẹnì kan lọ gbààwẹ̀, ẹ fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ bi í pé kí lò ń lò, ó ti tó ọdún mélòó.

Ẹ̀yin tọ́mọ yín ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ibi ìtọ́jú, ẹ gbọ́ èyí náà. Ara tó ti sinmi fún oṣù méjì mẹ́ta ò mọ iye tó ń gbé tẹ́lẹ̀ mọ́. Tó bá wá padà lọ lo iye àtijọ́ yẹn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó lè má jí. Mo ti wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tí wọ́n gbé ọmọ dé tó ti tutù, tí ìyá ẹ̀ ń sọ pé "ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dáadáa ni o, nọ́ọ̀sì, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dáadáa ni." Torí ẹ̀ ni mo fi ń sọ pé ilé gbọ́dọ̀ rí bẹ́ẹ̀ tí ọmọ tó bá ṣubú á fi lè fẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn gan-an, láìbẹ̀rù.

Wọ́n tún máa ń bi mí pé kí lẹbí fẹ́ wá ṣe ní ọsibítù ọpọlọ. Ẹ wo Arò ní Abẹ́òkúta. Ní 1954 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lambo, dókítà ọpọlọ, bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn aláìsàn sínú abúlé tó wà létí ọsibítù, aláìsàn kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ara ilé ẹ̀ kan, ìyá ni o, ẹ̀gbọ́n ni o, kí wọ́n jọ máa sè, kí wọ́n jọ máa jẹ, tílẹ̀ bá mọ́ aláìsàn á lọ gbàtọ́jú. Òyìnbó wá láti òkèèrè wá wò ó. Ọ̀rọ̀ ara ilé nínú ìtọ́jú, ilẹ̀ wa níbí ló ti jinlẹ̀, àwa la sọ ọ́ nù.

Ẹni tó bá sì rò pé ọmọ tòun nìkan ni, ìwádìí tí UNODC, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ oògùn olóró, àti àjọ oníṣirò ìjọba gbé jáde ní 2019 ní bíi mílíọ̀nù 14.3 èèyàn, láti ọmọ ọdún 15 sí 64, ló lo oògùn olóró láàárín ọdún kan ní Nàìjíríà, láìka ọtí àti sìgá. Ìwọ̀ oòrùn gúúsù, ọ̀dọ̀ wa níbí, ló pọ̀ jù, 22.4 nínú ọgọ́rùn-ún. Ṣé gbogbo wọn ni ò ní ṣọ́ọ̀ṣì àbí mọ́ṣáláṣí ni?

Bọ̀dá Rìwáyà

Èmi lẹni tó lò ó. Mo ti kúrò níbẹ̀ láti 2020, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ẹ̀yin òbí máa ń rò pé ẹgbẹ́ burúkú ni, tèmi iṣẹ́ ni. Ẹ̀yìn ń dùn mí, mo máa ń wà lábẹ́ mọ́tò látàárọ̀ dalẹ́, ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀bù fún mi ní hóró kan, mo ṣiṣẹ́ ọjọ́ méjì lọ́jọ́ kan. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Nígbà tó hàn síta, wọ́n pè mí jáde níwájú ìjọ lọ́jọ́ Sunday fún ìdáǹdè, wọ́n dárúkọ ohun tí mò ń lò sínú máíìkì. Mo ṣubú, mo dìde, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọ̀sẹ̀ kejì ẹ̀ mo wá jókòó, ìyá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi gbé báàgì wọn láti apá ọ̀tún sí apá òsì. Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ṣe é, wọn ò tiẹ̀ wò mí. Mi ò padà síbẹ̀ fún ọdún kan àbọ̀.

Ẹni tó ràn mí lọ́wọ́ ni àbúrò màmá mi. Wọn ò wàásù fún mi. Tí mo bá ti ń gba ìtọ́jú bọ̀, gbogbo ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń wá jókòó tì mí láàárín aago márùn-ún sí mẹ́jọ, torí mo ti sọ fún wọn pé àsìkò yẹn ló máa ń wù mí jù. Màmá mi náà ò fún mi lówó lọ́wọ́ mọ́, oúnjẹ ni wọ́n ń gbé fún mi, owó mọ́tò wọ́n á san án fún dírẹ́bà fúnra wọn. Inú bí mi sí wọn nígbà yẹn gan-an ni.

Pásítọ̀ Agbègbè

Bọ̀dá Rìwáyà, èmi ò mọ̀ yín, àmọ́ èmi náà ti pe ọmọ jáde sínú máíìkì bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ dákun, ẹ forí jì wá. Ọmọ tèmi yẹn ò padà wá.

A ti yí i padà níjọ wa. A ò gba ẹ̀rí lẹ́nu ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò níbẹ̀, bó ti wù kí orí àwọn èèyàn wú tó. A máa ń pe nọ́ọ̀sì wá bá àwọn ọ̀dọ́ sọ̀rọ̀, kì í fọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀, á dárúkọ kodín, trámádọ̀, kọlọrádò tí wọ́n ń mu bí igbó, ice tí wọ́n ń pè ní mẹ́tì, á sọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣe lára. Àwọn òbí kan bínú pé à ń kọ́ ọmọ wọn. Àwọn ọmọ ti mọ orúkọ wọn kí àwa tó mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń bẹ̀rù NDLEA, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti oògùn olóró náà, ẹ má rò pé mímú èèyàn nìkan niṣẹ́ wọn, wọ́n ní ẹ̀ka ìmọ̀ràn àti ìtọ́jú, èmi fúnra mi ti tẹ̀ lé òbí dé ibẹ̀, a sì jọ padà délé.

Ìyá Ìbejì

Mo ti ń ka gbogbo ẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo tún ń kà á. Mo ka ti báàgì tí Bọ̀dá Rìwáyà sọ yẹn fún ọkọ mi lóru. Kò sọ̀rọ̀, àmọ́ kò sùn.

Ní Sunday àná, lẹ́yìn ìsìn, màmá kan nínú àwọn àgbà ìjọ wa dì mọ́ mi, wọ́n ní "Kẹ́hìndé wa ń kọ́, Àbújá ò jẹ́ ó rántí wa mọ́ àbí?" Ọkọ mi wà lẹ́yìn mi. Mo ní, "Mà, kò lọ Àbújá. Ọsibítù ló wà. Oògùn ló ń lò."

Màmá ò fọwọ́ sílẹ̀ lára mi. Wọ́n wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì, wọ́n wá rẹ ohùn wọn sílẹ̀, wọ́n ní "Ọsibítù wo ni? Torí èmi náà ní ẹnì kan nílé."