Lonesome Dove Kò Wọ̀ Mí Lára: Ẹ Gbà Mí Nímọ̀ràn
Ẹ̀yin olùfẹ́ ìwé, ìmọ̀ràn yín ni mo ń wá lórí Lonesome Dove, ìtàn àwọn darandaran Amẹ́ríkà tí Larry McMurtry tẹ̀ jáde ní 1985, tí ó sì gba Pulitzer, ẹ̀bùn ìwé ńlá ní Amẹ́ríkà, ní 1986. Ó dùn mí dọ́kàn pé ìwé tí tèwe-tàgbà ń yìn kò wọ̀ mí lára. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ dára, níbi tí ẹlẹ́dẹ̀ méjì ti ń jẹ ejò níwájú ilé Augustus, ọ̀kan nínú àwọn darandaran náà, ṣùgbọ́n mo kà á lọ títí, wọn kò tíì kó màlúù kúrò ní Texas, bẹ́ẹ̀ Montana tó jìnnà réré ní àríwá ni wọ́n ń lọ. Ní ti Call, ọ̀rẹ́ Augustus tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, n kò rí inú rẹ̀ rárá. Ṣé kí n ní sùúrù títí ìrìn náà yóò fi bẹ̀rẹ̀, àbí kí n pa ìwé náà dé?