Àbọ̀ lórí ẹ̀rọ agégi tòkunbọ̀ tí mo bèèrè nípa rẹ̀
Mo bèèrè bí mo ṣe lè mọ̀ bóyá inú ẹ̀rọ agégi tòkunbọ̀ ṣì dára kí n tó sanwó fún òǹtajà ní Ìkòròdú. Ìmọ̀ràn tí ó yanjú ọ̀rọ̀ ni pé kí a yọ sàlẹ́ńsà (ohun tí ń dín ariwo ẹ̀rọ kù lẹ́nu ihò èéfín), kí a sì fi tọ́ọ̀ṣì wo písítìnì (irin tí ń lọ tí ń bọ̀ nínú ẹ́ńjìnnì) láti ojú ihò èéfín: ara písítìnì ẹ̀rọ àkọ́kọ́ tí mo yẹ̀ wò ti ha gbọọrọgbọọrọ, àmì pé inú rẹ̀ ti bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ ìró ẹ̀rọ náà dùn létí. Fífa okùn tí a fi ń tan ẹ̀rọ láti mọ bí yóò ṣe tètè dáhùn kò fi bẹ́ẹ̀ wúlò, nítorí òǹtajà ti mú un gbóná kí n tó dé, ẹ̀rọ tó ti gbóná sì máa ń tètè dáhùn. Ọgbọ́n wọn nìyẹn. Ẹ̀rọ kejì tí mo yẹ̀ wò ni mo rà; inú rẹ̀ mọ́. Rìsíìtì tí ó ní nọ́ńbà ara ẹ̀rọ ni n kò tíì rí gbà. Ẹ ṣeun.